Rédíò Pààrọ̀ Ohùn, Ta Ni Wọ́n Sọ Fún?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú àti ti àwọn olórin kì í jẹ́ kó kàn. Lọ́sẹ̀ yìí, mo ní kí n kúkú sọ ọ́, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí wa lójoojúmọ́ ni. Ọ̀rọ̀ rédíò ni.

Màmá kan wà ládùúgbò wa, aṣọ ni wọ́n ń rán. Màmá Télọ̀ la máa ń pè wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò tóbi, àmọ́ béèyàn bá gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, ohun méjì ló máa gbọ́: ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ àti ohùn rédíò. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n fi òwú dúdú so ibi tí wọ́n fi ń yí rédíò náà pinpin, kí ọmọṣẹ́ kankan má baà yí i síbòmíì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn Yorùbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìkéde òkú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ iye tí wọ́n ń ta gàrí láwọn ọjà tó jìnnà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya, tí wọ́n á máa dá sí i látorí ẹ̀rọ bíi pé àwọn ni wọ́n pè láti wá parí ìjà náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, màmá tan rédíò, ohun tí wọ́n gbọ́ kò yé wọn. Ọmọbìnrin kan ló ń fi imú sọ òyìnbó, ìlù sì ń dún gbì-gbì-gbì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rò pé bóyá ètò àwọn ọmọdé kan ni. Wọ́n dúró di aago méje tí ìròyìn Yorùbá máa ń bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin yẹn náà ló tún sọ̀rọ̀. Ni màmá bá gbé rédíò sábẹ́ apá, ó di ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà kejì.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá mi wò ó. Òyìnbó ló ń sọ láti àárọ̀."

Ọmọkùnrin yẹn tú u, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, ó dé e padà. Ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe rédíò yín o. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti yí i padà. Wọ́n ní wọ́n ti tà á fún ẹlòmíì."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n tà á kẹ̀? Ta ni wọ́n sọ fún?"

Gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ la rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lóòótọ́, ta ni wọ́n sọ fún?

Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn bàbá wa ti mọ ìwà rédíò látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1935 tí ìjọba òyìnbó gbé e dé Èkó, àpótí kékeré kan ni. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọ ilé ẹni tó bá lágbára láti máa sanwó ẹ̀. N'Ìbàdàn, ọdún 1939 ló débẹ̀. Rediffusion lòyìnbó pè é. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ọ̀hún nìkan lèèyàn máa gbọ́, kò sí pé à ń yí i síbòmíì. Yorùbá wò ó títí, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé oríkì lásán nìyẹn, ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ẹ̀sùn wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣáá tí kì í gba èsì, ṣé àwa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọmọlúàbí ni?

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyí. Nígbàkígbà tí rédíò bá pààrọ̀ ọwọ́ tàbí tó pààrọ̀ ohùn nílẹ̀ wa, ẹni tó ń sanwó epo jẹnẹrétọ̀ ló ń pinnu ohun tá a máa gbọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí rédíò yín fi yí padà, ẹ má wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àpò ẹni tó ń sanwó ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti Ìbàdàn. Lọ́dún 1953, ọ̀rọ̀ dà rú láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti gómìnà àwọn òyìnbó, Macpherson. Gómìnà bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn ẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì, wọ́n ní kò sóhun tó jọ ọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì lóòótọ́! Àmọ́ Awólọ́wọ̀ kò kàn bínú lásán. Nígbà tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, rédíò WNBS náà sì tẹ̀lé e. Ìjọba nìkan kọ́ ló kọ́kọ́ ni ín o, ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Overseas Rediffusion wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, kí ìjọba tó wá gba gbogbo ẹ̀ sọ́wọ́.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí. Ilé tí wọ́n kọ́ torí àtifèsì, kò pẹ́ tí òun náà fi di ibi tí wọn kì í ti í gba èsì. Nígbà tí wàhálà ìbò bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú oṣù Kẹwàá, ọdún 1965, àwọn alátakò kò rí ẹnu fi sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan yọ sílé-iṣẹ́ rédíò n'Ìbàdàn, tí wọ́n sì gbé téèpù tirẹ̀ sáfẹ́fẹ́ dípò ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì dá a sílẹ̀ nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Nígbà tí rédíò bá kọ̀ tí kò gba èsì, ibi tọ́rọ̀ máa ń já sí nìyẹn.

Lọ́dún 1976, àwọn ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Wọ́n pín ilé-iṣẹ́ yẹn náà bí ẹni ń pín ogún bàbá. Ìjọba àpapọ̀ kó tẹlifíṣọ̀n lọ, ó sọ ọ́ di NTA. Ògùn dá OGBC sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ ní Radio O-Y-O, Oǹdó náà ní tiwọn l'Ákùúrẹ́. Nígbà tí Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ lọ́dún 1991, òun náà ní tirẹ̀. Èkìtì kúrò lára Oǹdó lọ́dún 1996, bákan náà lọmọ ṣorí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pín in yìí, aráàlú ń gbọ́ orúkọ tuntun létí ni, kò sẹ́ni tó pè wọ́n sípàdé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Rédíò ìjọba ṣe gudugudu méje fún èdè wa. Irú èèyàn bíi Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí, tó dágbére fáyé lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ WNTV àti WNBS yẹn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì tún padà di ọ̀gá àgbà BCOS n'Ìbàdàn. Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ nígbà náà, èèyàn lè fi kọ́ ọmọ. L'Ékòó, Radio Lagos tó wà l'Ágídíngbì kò fi Yorùbá ṣeré rárá. Àmọ́ owó ìjọba ló ń ra epo. Nítorí náà, kí ìròyìn tó kan ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù, gómìnà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí afárá kan, ìyàwó gómìnà gbọ́dọ̀ pín ìrẹsì, kọmíṣọ́nnà sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Tí gómìnà tuntun bá wọlé, orúkọ nìkan ló máa yí padà nínú ìròyìn náà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣe òfin nọ́ńbà 38 lọ́dún 1992, tí wọ́n fi dá àjọ NBC sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fáwọn aládàáni. Lọ́dún 1994, Olóyè Raymond Dokpesi gbé Raypower 100.5 dé l'Álàgbàdo. Ẹni tó wà l'Ékòó nígbà yẹn á rántí. Rédíò tí kì í sùn! Àwa tí rédíò ìjọba máa ń kí pé ó dàárọ̀ lóru, a jí lójijì, orin ṣì ń dún. Lẹ́yìn náà ni Rhythm 93.7 dé, Cool FM 96.9 náà dé.

Àmọ́ èdè wo ni wọ́n ń sọ? Òyìnbó ni. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra Yorùbá. Ìjọba kọ́ ló ń sanwó epo tiwọn, àwọn tó ń polówó ọjà ni, bíi báńkì, ọlọ́tí àti oníbisikíìtì. Àwọn yẹn sì gbà nígbà náà pé ẹni tó ń sọ òyìnbó ló lówó lọ́wọ́. Bí ọmọ Ìdúmọ̀tà kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí irú rédíò yẹn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yá ohùn ará London.

Ìgbà tó yá, ojú wọn là. Wọ́n rí i pé ìyá tó ń ta aṣọ ní Balógun, tí kò sọ òyìnbó, lówó ju ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń sọ ọ́ lọ. Wọ́n rí i pé mẹkáníìkì, onídánfó, onírun àti télọ̀ ló ń tan rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́dún 2007, àwọn tó ni Cool FM náà ló gbé Wazobia FM 95.1 dé l'Ékòó, Píjìn ló ń sọ. Ilé-iṣẹ́ Dokpesi náà sọ 106.5, tó jẹ́ Raypower kejì tẹ́lẹ̀, di Faaji FM, Yorùbá sì gba ibẹ̀ kan. Rédíò ìjọba àpapọ̀ náà kò gbẹ́yìn, wọ́n ní Amuludun 99.1 ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn, tó jẹ́ pé Yorùbá ni iṣẹ́ ẹ̀. Yínká Ayéfẹ́lẹ́ olórin náà dá Fresh FM 105.9 sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Bí ti àwọn yìí ṣe ń lọ sí Yorùbá, àwọn mìíràn ń yí sí ibòmíì. Àwọn tó mọ 102.3 l'Ékòó sí Radio Continental, níbi tí àríyànjiyàn ti pọ̀, wọ́n jí lọ́jọ́ kan, ó ti di Max FM, ó di ti àwọn ọ̀dọ́ àti orin.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé aládàáni ti bọ́ pátápátá lọ́wọ́ ìjọba. Nínú oṣù Kẹjọ, ọdún 2018, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, katapílà ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti wó lára ilé tí Fresh FM wà ní Challenge. Ìjọba ní ọ̀rọ̀ ìwé ilé ni, ọ̀pọ̀ aráàlú ní ọ̀rọ̀ ẹnu rédíò ni. Wọ́n padà tún un kọ́ lẹ́yìn náà, àmọ́ gbogbo onírédíò tó kù ló ti rí i, wọ́n sì ti kọ́gbọ́n.

Ó dáa, Yorùbá ti padà sórí afẹ́fẹ́, kí ló wá kù? Ibi tọ́rọ̀ ti dùn tó sì ti korò nìyí.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò kì í san owó oṣù fún gbogbo àwọn tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ń ta àsìkò ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, òun fúnra ẹ̀ lá lọ wá ìpolówó tó máa fi san án, tó sì máa fi jẹun. Bẹ́líìtì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ gidi ni, àwọn tó ń ṣe é sì ní ẹgbẹ́ tiwọn, FIBAN. Irú Gbenga Adéboyè tó kú lọ́dún 2003 àti Kọ́lá Ọláwuyì tó kú lọ́dún 2007, ẹ mọ bí orúkọ wọn ṣe rinlẹ̀ tó nídìí iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Tàwọn yẹn bá wà lórí afẹ́fẹ́, ẹni tó ń jẹun á gbé òkèlè dúró.

Àmọ́ nǹkan ti wọ́n, owó àsìkò ń gòkè. Ta ló máa ń rówó san fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lóṣooṣù láìjáfara? Olóṣèlú ni, tí ìbò bá ti ń bọ̀. Tí kò bá sí ìbò, ẹni tó ń ta àgbo ni. Ìgò kan ṣoṣo tó ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ojú, tó tún ń mú kí ọkọ padà wálé! Òfin wà o. NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kó tó dé orí afẹ́fẹ́, òfin NBC náà kò gbà kéèyàn máa parọ́ ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ebi ń pa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, gbèsè ń bẹ lọ́rùn ilé-iṣẹ́, ta ló máa dá oníbàárà padà?

Kẹ́ ẹ lè mọ bí gbèsè yẹn ṣe pọ̀ tó, nínú oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, àjọ NBC kéde pé àwọn gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n 52, pé gbèsè tí wọ́n jẹ lé ní N2.6 bílíọ̀nù. Àwọn tó ni AIT àti Raypower wà nínú ẹ̀, àwọn tó ni Rhythm wà nínú ẹ̀, ti ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Wọ́n padà dáwọ́ ọ̀rọ̀ náà dúró nígbà tí ariwo pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ilé-iṣẹ́ tí gbèsè bò mọ́lẹ̀, ṣé ó máa bi olówó tó fẹ́ rà á tàbí tó fẹ́ sanwó ètò pé irú èèyàn wo ni? Kò ní bi í.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ Màmá Télọ̀. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń wá kiri, màmá rí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́. Inú wọn dùn, wọ́n tún so òwú dúdú mọ́ ọn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, tó máa ń kí àwọn màmá lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ki wọ́n ní oríkì. Tó bá kí wọn tán, á sọ̀rọ̀ àgbo. Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ra ìgò méjì, wọ́n sì gbé oògùn dókítà jù sínú àpótí bọ́tìnnì. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ò lè parọ́ fún mi, ó mọ oríkì wa."

Kò tó oṣù méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún wọn kọ̀, kò gbé abẹ́rẹ́ mọ́, ẹnu wọn sì wọ́ díẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí àwọn ọmọṣẹ́ tètè gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò tọ́jú ló fà á. Ọwọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ báyìí, àmọ́ kò lè gé aṣọ mọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ ló ń gé e, màmá á kàn jókòó, wọ́n á máa júwe.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ orin àti ìlù lọ. Rédíò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa fi ṣe ìwé ìròyìn, òun ni wọ́n fi ṣe tíṣà, òun náà ni wọ́n fi ṣe dókítà. Ilé-iṣẹ́ kan gba Yorùbá lẹ́nu màmá, kò sọ fún wọn. Èkejì fi Yorùbá ta oògùn fún wọn, kò sọ ẹni tó sanwó ẹ̀ fún wọn. Àìsọ̀rọ̀ méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Kí ni mo wá ń sọ? N ò ní kí wọ́n má ta rédíò, n ò sì ní kí aládàáni má jèrè. Ẹni tó náwó gbọ́dọ̀ rí owó ẹ̀ padà. Àmọ́ afẹ́fẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ bàbá ẹnikẹ́ni. Ìwé àṣẹ ni ìjọba ń fún wọn, ọdún márùn-ún márùn-ún sì ni wọ́n ń tún un gbà. Òfin kò tiẹ̀ gbà kí wọ́n fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ilé ìjọsìn. Tó bá jẹ́ pé tiwa ni afẹ́fẹ́ náà, ó yẹ kí wọ́n máa bi wá díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ yí ètò padà, kó kéde ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sọ orúkọ ẹni tó rà á. Tó bá ń gbé ètò tí ẹnì kan sanwó ẹ̀, kó sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé ìyá àgbà: "Lágbájá ló sanwó ètò tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ yìí." Kí àjọ NBC náà má jẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ gbèsè nìkan ni wọ́n máa ń rántí ilé-iṣẹ́ rédíò, kí wọ́n máa gbọ́ ètò Yorùbá bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti òyìnbó.

Ẹ̀yin olùgbọ́ náà, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ń pè lórí ètò, ẹ má fi kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nìkan. Ẹ fi bi wọ́n léèrè pé: ta ló ni yín báyìí? Ta ló sanwó ètò yìí? Níbo ni nọ́ńbà NAFDAC oògùn yìí wà? Àtijọ́ là ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, fóònù ti dé, èsì ti wà lọ́wọ́ wa. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù, ẹ má torí ohùn dídùn da oògùn dókítà nù.

Mo yà lọ́dọ̀ Màmá Télọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Rédíò ṣì ń dún, àmọ́ mi ò rí òwú dúdú mọ́. Mo ní, "Màmá, òwú yín ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti gé e. Mo ti ń yí i kiri báyìí. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò sọ ẹni tó rán an sí mi, èmi náà á yí i kúrò."

Ká tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà o.